Àwọn Tí Wọ́n Fi Orúkọ Wa Fò

Bàbá tó bí bàbá mi kì í jẹ́ kí bàálù kọjá lórí ilé wa ní Ìpẹ́rù kí ó má ṣí fìlà. Ohun yòówù tí ó bá ń ṣe, ìbáà jẹ́ pé ó ń pa obì, ìbáà jẹ́ pé ó ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ó bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lókè, yóò dákẹ́, yóò ṣí fìlà rẹ̀ lé orúnkún, yóò sì gbójú sókè títí ìró náà yóò fi lọ tán. Lẹ́yìn náà ni yóò wí pé, "Kí wọ́n gúnlẹ̀ o," kí ó tó dé fìlà padà. Àwa ọmọdé rò pé àdúrà ni ó ń gbà fún àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ sí Ìlú Ọba. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé awakọ̀ ni bàbá ń kí, pé èrò inú bàálù kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá.

Bàbá wà lára àwọn ọmọ Rẹ́mọ tí ogun Hítílà gbé dé Bọ́má. Kò gbé ìbọn; ẹrù ló rù. Ìpín 81 ti àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àwọn aláàrù tirẹ̀, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fi orí ru ọta, oògùn àti oúnjẹ lọ sí ibi tí ọkọ̀ kò lè dé, òun sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, wọ́n wọ àfonífojì odò Kaladan, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà tó lé ní àádọ́rin máìlì gba inú òkè àti igbó kọjá, ọ̀nà tí àwọn òyìnbó fúnra wọn sọ lórúkọ wa, tí wọ́n pè é ní West African Way. Níbi tí ọ̀nà náà parí sí, ilẹ̀ kò lè bọ́ wọn mọ́. Láti ìgbà náà lọ, ojú ọ̀run ni ìrẹsì ti ń wá, ibẹ̀ ni ọta ti ń wá, ibẹ̀ náà ni lẹ́tà ilé ti ń wá fún ẹni tó bá ní ẹni tí yóò bá a kọ lẹ́tà.

Nǹkan díẹ̀ ni bàbá sọ nípa ogun náà, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ nípa àwọn bàálù. Ó ní àwọn ńlá máa ń fò wálẹ̀ débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ojú ẹni tó ń ti àpò jáde ní ẹnu ọ̀nà wọn, nígbà tí àwọn kékeré kan máa ń yí po lókè réré, tí wọn kì í ju nǹkankan sílẹ̀. Ó ní, "Àwọn ńlá ń gbé oúnjẹ, àwọn kékeré ń ṣọ́ wọn. Bí kò bá sí àwọn kékeré, ebi ni ì bá pa wá." Àwọn ńlá ni Dakota. Àwọn kékeré ni bàálù ajagun, Spitfire sì wà nínú wọn, nítorí pé ìparí ọdún 1943 ni Spitfire dé ojú ogun Bọ́má, tí àwọn ará Jàpáànù kò fi lè ṣe bó ti wù wọ́n mọ́ ní òfurufú níbẹ̀. Bàbá kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó wà nínú àwọn kékeré yẹn. Àwọn náà kò sì mọ̀ pé aláàrù kan láti Ìpẹ́rù wà nísàlẹ̀ tó ń gbójú sókè.

Ọ̀rọ̀ yìí padà sọ́kàn mi nígbà tí mo lọ sílé láìpẹ́ yìí. Pápákọ̀ òfurufú ti wà láàárín Ìpẹ́rù àti Ìlíṣàn báyìí, ní ibi tó jẹ́ pé oko ni mo mọ̀ ọ́n sí, bàálù tó ń bọ̀ níbẹ̀ sì máa ń rẹlẹ̀ ju èyí tí a máa ń rí nígbà tí bàbá wà láyé lọ. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, mo gbọ́ ìró, mo sì rí i pé kò sẹ́ni tó ṣí fìlà mọ́. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn awakọ̀ bàálù ajagun náà kiri nínú ìwé àti nínú àkọsílẹ̀, kí n lè mọ irú ènìyàn tí bàbá ń kí. Níbi tí mo ti ń wá wọn ni mo ti bá ohun kan pàdé tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní ilé ìwé: pé nínú ogun náà, ẹgbẹ́ awakọ̀ bàálù ajagun kan wà tí orúkọ wa wà lára rẹ̀.

Ẹgbẹ́ 91 ni. Oṣù kìíní ọdún 1941 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Hawkinge, pápá kan ní agbègbè Kent nítòsí òkun, níbi tó jẹ́ pé bí ojú ọjọ́ bá mọ́lẹ̀ kedere, a lè dúró kí a máa wo ilẹ̀ Faransé tí Jámánì ti gbà. Nígbà tí ó yá, orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Ẹgbẹ́ 91 (Nàìjíríà), nítorí owó tí àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí dá fún ogun. Nígbà náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi iye lé Spitfire bí ẹni tó ń pàtẹ ọjà: ẹni tó bá mú 5,000 pọ́n-ùn wá, wọ́n á kà á sí pé ó ti ra bàálù kan odindi, apá bàálù jẹ́ 2,000 pọ́n-ùn, ìṣó kékeré kan tó so irin mọ́ irin jẹ́ sísì. Mo fẹ́ràn sísì yẹn. Ó ṣeé fojú inú rí. Ó ṣeé ṣe fún ìyá kan tó ń ta gàrí láti tú u kúrò ní ìdí aṣọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò sì rọrùn ní ilẹ̀ wa, ó yẹ kí n sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ijó ni a fi kó o jọ. Ìgbà tí Gbélégbùwà Kejì wà lórí ìtẹ́ Awùjalẹ̀, tí William Adédọyin sì jẹ́ Akárìgbò Rẹ́mọ, ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Ìjọba ń fẹ́ ẹ̀kùrọ́, ó ń fẹ́ rọ́bà, ó ń fẹ́ àwọn ọmọkùnrin, ó sì tún fi òfin dé iye tí a lè ta oúnjẹ fún Èkó, lábẹ́ ètò tí Kápútéènì Pullen ń darí. Obìnrin tó gé ẹ̀gẹ́, tó bó o, tó rìn ín, tó fún un, tó sẹ́ ẹ, tó sì yan án, ẹlòmíràn ló ń sọ iye tí yóò gbà fún un. Mo tún máa ń ro ti Ìmàgbọn. Ní ọdún 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Mákísíìmù ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún lójú ogun ọjọ́ náà yóò ti di arúgbó ọdún méjìdínláàdọ́rin ní ọdún 1940, nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé ìlú tó fi iná jó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú ewu, kí ó dá owó. Bí ó bá dá a, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju ìfẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bóyá ọmọ rẹ̀ wà nínú ogun náà. Bóyá ó ti gbọ́ ohun tí Hítílà sọ nípa aláwọ̀ dúdú. Bóyá olórí àdúgbò dúró lé e lórí. Èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́, owó ẹni tí a ṣẹ́gun wà nínú bàálù ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sínú bàálù náà kò sì lè mọ ìyẹn.

Kí ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá ń ṣe láti àárọ̀ dé alẹ́? Mo ti rò pé ìjà ni. Ìdúró ló gba èyí tó pọ̀ jù. Nígbà ìjà òfurufú ńlá tó wáyé lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ 10 oṣù keje sí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1940, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jí àwọn awakọ̀, tí ọkọ̀ akẹ́rù á gbé wọn lọ sí etí pápá. Àga á wà níta lórí koríko. Wọ́n á ti wọ bàtà àti ẹ̀wù afẹ́fẹ́ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sómi, wọ́n á sì jókòó. Àwọn kan ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, àwọn kan ń ka ìwé ìròyìn kan náà fún ìgbà kẹta, àwọn kan ń sùn ní ẹnu ṣíṣí bí ọmọ ilé ìwé, nítorí pé ọjọ́ orí ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé ọdún méjìlélógún. Tẹlifóònù kan wà nínú àhéré lẹ́yìn wọn. Bí ó bá dún, gbogbo ẹnu á dákẹ́, ọwọ́ tó gbé ọmọ ayò á dúró lófurufú. Ó lè jẹ́ pé tíì ni wọ́n fẹ́ gbé wá. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀tá ń bọ̀. Nínú àwọn tó yè, àwọn kan sọ nígbà tí wọ́n darúgbó pé dídún tẹlifóònù ṣì ń rú inú àwọn sókè nínú ilé àwọn, láàárín àwọn ọmọ àwọn, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ogun ti parí.

Lẹ́yìn tẹlifóònù yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà tí a kì í dárúkọ wọn. Òpó rédà gíga wà ní etí òkun tó ń gbọ́ bíbọ̀ bàálù Jámánì kí ojú tó lè rí i. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin wà ní ibi iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn ti àmì kiri lórí tábìlì tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ sí. Àwọn mẹ́kíníìkì wà tó jẹ́ pé bàálù kọ̀ọ̀kan ní àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n ti jí ṣáájú awakọ̀ láti mú ẹ́ńjìnnì gbóná. Ẹni tó ya àwòrán Spitfire pàápàá, R. J. Mitchell, ti kú ní ọdún 1937, ọdún kan péré lẹ́yìn tí bàálù náà kọ́kọ́ fò. Kò rí i lójú ogun rí. Gbogbo wọn wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àṣẹ bá dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo ló ń sáré lọ gun apá bàálù yẹn, tí ó ń wọ inú ibi kótópó tí èjìká rẹ̀ kan irin lọ́tùn-ún àti lósì.

Òkè lọ́hùn-ún tutù ju ohun tí ẹni tó dàgbà ní Rẹ́mọ lè fi wé nǹkan. Afẹ́fẹ́ kò tó mí, inú ìbòjú rọ́bà ni wọ́n ti ń fa afẹ́fẹ́ símú. Wọ́n ní láti máa yí ọrùn láìsinmi, wá iwájú, wá ẹ̀yìn, nítorí pé ẹni tí a kò rí ló ń pa ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wé ṣáàfù sílíkì mọ́ ọrùn, kí kọ́là má baà bó wọn lára. Mo ti rò pé oge ni. Àwọn Spitfire ọdún 1940 ní ìbọn arọ̀jò-ọta mẹ́jọ nínú apá wọn, síbẹ̀ ọta tó wà nínú gbogbo wọn kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Gbogbo ẹ̀kọ́, gbogbo owó, gbogbo sísì, gbogbo òru tí mẹ́kíníìkì kò fi sùn, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí a tó ka Àdúrà Olúwa parí, ó ti tán.

Ọkùnrin mìíràn wà nínú bàálù kejì. N kò ní fi ìyẹn pamọ́. Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé irin ni àwọn ń yìnbọn sí, pé àwọn kò rí ènìyàn, títí di ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá rí ọwọ́ tó ń gbìyànjú láti ti ìbòrí gíláàsì sílẹ̀ nínú iná, tí ìbòrí náà kò sì ṣí. Lẹ́yìn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ, kò lè sọ ọ̀rọ̀ irin yẹn mọ́ bí ó ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó súnmọ́ 3,000 ló fò fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìjà oṣù mẹ́rin yẹn. 544 nínú wọn kú kí ìjà náà tó parí. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn mẹ́kíníìkì á dúró sí etí pápá, wọ́n á máa ka àwọn tó ń padà bọ̀, bí adìyẹ ṣe ń ka ọmọ. Bí iye kò bá pé, wọ́n á ṣì dúró, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó ti gúnlẹ̀ sí pápá mìíràn. Lẹ́yìn wákàtí kan ó dájú, nítorí pé epo tó wà nínú rẹ̀ kò tó kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnìkan á kó ẹrù rẹ̀ jọ, lẹ́tà, bírọ́ọ̀ṣì, fọ́tò ìyá rẹ̀, a ó sì fi ibùsùn náà fún ọmọ tuntun tó dé lọ́jọ́ kejì. Àwọn yòókù á lọ mu bíà, wọn kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, inú bí mi sí wọn. Láàárín wa, bí ọ̀dọ́ bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni, àdúgbò á kan gógó, a kì í dá ìyá rẹ̀ nìkan sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣe bí ẹni pé kò wáyé rí. Mo rò pé àwọn ènìyàn yìí kò ní ọkàn. Mo ti yí èrò yẹn padà. Ẹni tí tẹlifóònù yóò tún dún fún ní àárọ̀ ọ̀la kò ní ọjọ́ méje tí yóò fi ṣọ̀fọ̀. Ó ní alẹ́ kan péré, ó sì ní láti sùn nínú alẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ wọn gbé ọ̀fọ̀ náà pamọ́ títí di ọjọ́ ogbó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún orúkọ àwọn tó kú nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn bi wọ́n léèrè.

Àwọn mìíràn padà, ṣùgbọ́n iná ti pa ojú wọn dà. Iwájú awakọ̀ gan-an ni táńkì epo wà nínú Spitfire. Bí ọta bá bà á, ojú àti ọwọ́ ni iná ń kọ́kọ́ bá. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ East Grinstead, dókítà Archibald McIndoe, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, gbà wọ́n sí ilé ìwòsàn rẹ̀, ó ń fi awọ láti ibòmíràn lára wọn mọ ìpéǹpéjú, imú àti ètè fún wọn padà, iṣẹ́ abẹ lórí iṣẹ́ abẹ, fún oṣù àti ọdún. Nítorí pé ìwòsàn wọn jẹ́ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò, àwọn fúnra wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1941 tí wọ́n pè ní Guinea Pig Club, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ẹran tí a fi ń dán nǹkan wò. Kí ogun tó parí, ọmọ ẹgbẹ́ náà ti di 649. Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni ti àwọn ará ìlú. McIndoe bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tẹjú mọ́ àwọn ọmọ òun, kí wọ́n má sì gbójú kúrò lára wọn, kí wọ́n kàn máa kí wọn bí wọ́n ti ń kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì ṣe é. Alágbàtà ọjà, olùtọ́jú ilé ọtí, obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì síníńmà, gbogbo wọn wo ojú tí iná jó, wọ́n sì ní, "Ẹ káàárọ̀." Mo ka ìyẹn sí iṣẹ́ ogun. Kò sí oyè kankan tí wọ́n fi fún wọn lórí rẹ̀.

Ṣé ọmọ tiwa kankan fò? Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe òyìnbó kò lè di ọ̀gá nínú RAF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kẹwàá ọdún 1939 ni wọ́n gbé òfin yẹn tì, nítorí pé wọ́n nílò ènìyàn. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ oníṣòwò ńlá kan ní Èkó, ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀gá níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí awakọ̀, ní ọdún 1942. Ó kú ní ọdún 1945, ìlú Bath ni sàréè rẹ̀ wà. Nínú àwọn tó kù, bàálù ajubọ́ǹbù ni wọ́n wọ̀ jù: Bánkọ́lé Vivour kú sínú iṣẹ́ náà ní ọdún 1944, Akin Shenbanjo, tó ń bójú tó rédíò nínú Halifax kan ní Ẹgbẹ́ 76, gba àmì ẹ̀yẹ DFC, àwọn tó bá a wà nínú bàálù sì kọ "The Black Prince" sára rẹ̀ láti fi bu ọlá fún un. Mo ti bi àwọn olùkọ́ mẹ́ta léèrè nípa àwọn orúkọ wọ̀nyí ní Ṣàgámù àti ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí èyí tó gbọ́ wọn rí, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí pé èmi náà ti kọjá ogójì ọdún kí n tó gbọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ẹgbẹ́ 91. Àṣẹ tí wọ́n fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan tàbí ní méjì méjì, ní kùtùkùtù àti ní àṣálẹ́, wọ́n ń fò lórí omi tóóró tó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, wọ́n ń wo ọkọ̀ ojú omi ọ̀tá, wọ́n ń wo ojú ọjọ́, wọ́n sì ń wá awakọ̀ tó bá jábọ́ sínú òkun kí ọkọ̀ lè lọ gbé e kí òtútù tó pa á. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe àmì ẹgbẹ́ wọn lọ báyìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: "We seek alone." Àwa nìkan là ń wá kiri. Orúkọ Nàìjíríà ló wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni wọ́n sì ti wá. Ní ọdún 1942, ará Faransé kan, Jean Demozay, ló darí wọn.

Ará Faransé mìíràn tún wà nínú wọn, òun sì ni mo torí rẹ̀ kọ gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí. Jean Maridor ni orúkọ rẹ̀. Ní ìlú Le Havre ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1920. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ fò, ṣùgbọ́n ilé wọn kò lówó, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé ṣubú ní ọdún 1940, ó wọ ọkọ̀ ojú omi sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di awakọ̀ Spitfire, Ẹgbẹ́ 91 sì ni ó ti ja púpọ̀ nínú ogun rẹ̀.

Láti ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1944 ni Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí rán ohun ìjà tuntun kan sí Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ǹbù tó ní apá tó sì ń dá fò, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, V-1. Ohun tó ń bú gbàmù lórí rẹ̀ tó nǹkan bí 850 kílógíráàmù, eré rẹ̀ sì le débi pé bàálù díẹ̀ ló lè lé e bá. Ẹgbẹ́ 91 ní Spitfire irú ti XIV nígbà náà, wọ́n sì wà lára àwọn tí wọ́n rán láti máa dènà rẹ̀ lórí Kent. Iṣẹ́ náà ní ìdẹkùn nínú. Bí awakọ̀ bá jìnnà, ọta rẹ̀ kò ní bà á. Bí ó bá súnmọ́ ọn jù, bọ́ǹbù náà á bú, á sì fa òun náà ya. Bí ó bá sì kàn ṣe é léṣe lásán, ó lè ṣubú sórí ilé àwọn ènìyàn tó yẹ kí ó dáàbò bò. Ẹgbẹ́ náà fọ́ èyí tó lé ní 180 nínú wọn ní oṣù díẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, Maridor lé ọ̀kan bá. Ó yìnbọn, ó bà á, ṣùgbọ́n kò bú lófurufú. Ó dorí kodò, ó ń lọ balẹ̀. Nísàlẹ̀ níwájú rẹ̀ ni ilé ìwé kan wà ní Benenden tí wọ́n ti sọ di ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun. Maridor rí ibi tí ó ń lọ. Ó lè yà kúrò. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bi í. Ó tẹ̀lé e wálẹ̀, ó súnmọ́ ọn ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì tún yìnbọn. Bọ́ǹbù náà bú lófurufú, ó ya apá bàálù rẹ̀, òun náà sì já lulẹ̀ nítòsí. Àwọn aláìsàn wà nínú ibùsùn wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú RAF ku díẹ̀, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo ka èyí ní òru, mo sì dìde rìn kiri inú yàrá. Mo ti ka ìtàn akọni púpọ̀ tí kò ṣe mí ní nǹkankan. Èyí mú mi nítorí ìsàlẹ̀ tí ó wò. Ọ̀pọ̀ ohun tí a máa ń sọ nípa àwọn awakọ̀ wọ̀nyí dá lórí iye bàálù tí wọ́n yìnbọn já lulẹ̀, bí ẹni tó ń ka ẹran ọdẹ. Iye tí bàbá mi àgbà fi wọ̀n wọ́n yàtọ̀: ta ló wà nísàlẹ̀ tó ṣì wà láàyè ní ìrọ̀lẹ́? Ní Kaladan, òun ni. Ní Benenden, àwọn ọkùnrin tó ti fara gbọgbẹ́, tí wọn kò lè sáré, ni. Ìwọ̀n yìí ni mo gbà.

Nígbà tí mo tún lọ sí Ìpẹ́rù, mo mú fọ́tò Maridor lọ́wọ́ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló kù nínú àwọn tó bá bàbá gbé pẹ́. Wọ́n gba fóònù náà, wọ́n nà án jìnnà sí ojú, wọ́n sì wò ó pẹ́.

"Ọmọ ta ni?"

Mo ní ará Faransé ni, pé ó wa bàálù ogun tí wọ́n fi orúkọ Nàìjíríà pè. Mo sọ ti bọ́ǹbù, mo sọ ti ilé ìwòsàn.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe kí ogun tó dé?"

"Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni ó kọ́, Ìyá."

"Onígbàjámọ̀!" Ojú wọn tàn. Ẹ̀gbọ́n wọn kan ti ṣe onígbàjámọ̀ ní Ṣàgámù. "Ìyàwó ńkọ́?"

Mo sọ fún wọn. Wọ́n gbé fóònù náà lé itan, wọ́n sì ń fi àtàǹpàkò nu ojú rẹ̀ bí ẹni pé eruku wà lára rẹ̀.

"Àwọn aláìsàn tó wà nínú ilé yẹn, ṣé ẹnikẹ́ni kí i?"

Mo ní ó ti kú kí wọ́n tó mọ̀ pé ó wà.

"Ọdún wo ni?"

"1944."

Wọ́n ronú. "Bàbá wà ní Bọ́má lọ́dún náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Á jẹ́ pé Bàbá ti kí i," ni wọ́n wí, wọ́n sì dá fóònù mi padà, wọ́n ní kí n wọlé wá jẹun, pé ìkọ́kọrẹ́ ti ń tutù.